Tíṣà Olútìmẹ́hìn, Ẹni Tó Fi Kòkó Tútù Lé Ẹ̀rù Lọ

Ọjọ́ tí ewúrẹ́ mi gbé Tíṣà Olútìmẹ́hìn ṣánlẹ̀ sínú kòkó, gbogbo Odòde ló gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbọ́ ọ, torí òkè Ìdànrè kì í gba ariwo ẹni pamọ́. Tí ẹ bá pariwo sí i, á dá a padà fún yín.

Ọdún tó ku ọdún kan kí àwọn sójà gbé ìjọba fún àwọn alágbàdá ni. Tíṣà yìí, ọmọ Àtosìn ni, ìwé karùn-ún ló ń kọ́ ní Odòde wa níbí. Ó lọ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nínú ìsinmi níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tíṣà bí wọ́n ṣe máa jẹ́ tíṣà ju bí wọ́n ṣe jẹ́ tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tó máa dé, kò ra búrẹ́dì bọ̀, kò ra aṣọ bọ̀. Ìtàn òyìnbó kan ló gbé bọ̀.

Ó ní òyìnbó náà, ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, láyé àtijọ́, mú ọmọ ọwọ́ kan tí kì í bẹ̀rù nǹkan kan, ó gbé eku funfun síwájú ẹ̀. Bí ọmọ bá ti nawọ́ sí eku báyìí, wọ́n á fi òòlù lu irin lẹ́yìn orí ẹ̀, gbàà! Wọ́n ṣe é, wọ́n tún ṣe é, títí ọmọ fi ń sunkún tó bá ti rí eku náà, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò lu irin mọ́.

"Yèyé," ó ní fún mi, ojú ẹ̀ ń tàn yòò, "ẹ ò rí i? Ẹ̀rù, kíkọ́ ni wọ́n ń kọ́ ọ!"

Mo ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi sọ ìyẹn fún ọ? Ìyàwó tí ọkọ ẹ̀ ń mutí kó tó nà án ti mọ̀ tipẹ́. Ìró bàtà lásán ló gbọ́, ara ẹ̀ ti ń gbọ̀n."

Ewúrẹ́ mi ló ń wò, ewúrẹ́ tó ti ki ẹnu bọ kòkó tí mo sá sójú oòrùn.

"Yèyé," ó ní, "láti òní lọ, ewúrẹ́ kankan ò ní jẹ kòkó yín mọ́. Ẹ̀rù kòkó ni mo máa kọ́ wọn."

Ó lọ wá ríìmù lọ́rì tó ti bàjẹ́, ó so ó mọ́ igi ọsàn mi, ó mú òòlù, ó sá pamọ́ sẹ́yìn igi bí ọlọ́dẹ. Ewúrẹ́ dé, ó rọra ki ẹnu bọ kòkó. Tíṣà lu ríìmù, gbàà! Ewúrẹ́ fò síwájú. Ohun tí òyìnbó ò kọ sínú ìwé ni pé kò sí òkè nílé tiẹ̀. Òkè tiwa gba ariwo yẹn, ó dá a padà láti iwájú, gbàà! Ewúrẹ́ rò pé ẹni tó lu irin ti lọ dúró níwájú de òun, ló bá yí padà, ó fi eré bọ́ sí àárín itan Tíṣà. Àtòun àti Tíṣà àti òòlù, inú kòkó ni gbogbo wọn bá ara wọn. Mo bá a yọ kòkó kan kúrò ní ihò etí. Ó ní, "Yèyé, ẹ wò ó bóyá ó ti kọ́ ọ." Mo ní, "Èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Kò jọ̀wọ́ ẹ̀ o. Ọjọ́ márùn-ún ló fi lu ríìmù yẹn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, tí Tíṣà ò sí níbẹ̀, ewúrẹ́ mi wá jẹ kòkó wọ́ọ́rọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ẹ̀rù tó kọ́, ẹ̀rù Tíṣà ni. Ó sì kọ́ gbogbo ẹgbẹ́ ẹ̀ ládùúgbò. Bí Tíṣà bá ti yọ ní kọ́nà báyìí, wọ́n á gba inú igbó lọ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ìyàwó ẹ̀ sọ fún mi pé òun kì í gbé iyán ọkọ òun kalẹ̀ mọ́ àfi tí ewúrẹ́ bá ti sá kọjá.

Ọ̀rọ̀ òyìnbó yẹn ò kúrò lẹ́nu ẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó sọ ọ́, eku lásán ni eku náà. Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́ta, eku ti tó òkété, irin ti di ọ̀pá réluwé, ariwo rẹ̀ sì ti ń fọ́ fèrèsé. Mo ní tó bá fi máa di ọdún tó ń bọ̀, eku á ti jẹ ọmọ.

Lọ́jọ́ kan, a jókòó ti ẹní kòkó, à ń ṣa ìdọ̀tí kúrò lára ẹ̀. Mo ní, "Tíṣà, ọmọ mélòó ni wọ́n fi dán èyí wò?"

"Ọ̀kan, Yèyé."

"Ọ̀kan péré?"

"Ọ̀kan péré."

"Ìwọ náà, ọmọ àgbẹ̀ ni ọ́. Tí ìsìpẹ́tọ̀ kòkó tí ìjọba rán wá yẹ̀ ẹ́ wò bá dé ibi àpò, ṣé ẹyọ kan ló ń yọ? Ṣé kì í yọ lókè, kó yọ láàárín, kó yọ nísàlẹ̀? Ọgọ́rùn-ún ẹyọ ló ń fi ọ̀bẹ là kó tó sọ pé kòkó yìí gbẹ tàbí ó bu. Kòkó lásán nìyẹn o. Òyìnbó wá wo ọmọ kan ṣoṣo, ó ní òun ti mọ inú gbogbo ọmọ aráyé?"

Ó yọ ìwé kékeré lápò, ó ń kọ nǹkan.

"Kí lò ń kọ?"

"Ohun tẹ́ ẹ sọ ni. Ọ̀gá tó kọ́ wa náà sọ ọ́. Wákàtí mẹ́ta lòun fi sọ ọ́."

Mo ní, "Ta ló ń wò ó bóyá ọmọ ti ń bẹ̀rù?"

"Òyìnbó kan náà."

"Ẹni tó ni irin ló tún jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ó ṣeun. Ìyá ọmọ ńkọ́?"

"Ọsibítù tí wọ́n ti ń ṣe é ni ìyá ọmọ ti ń ṣiṣẹ́. Ó gbé ọmọ ẹ̀ lọ kí wọ́n tó yọ ẹ̀rù náà kúrò."

"Ta ló wá yọ ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó mọ̀, Yèyé."

Ó fi kòkó sílẹ̀. Ojú ẹ̀ yí padà. "Ẹ gbọ́, iṣẹ́ yẹn lóore tiẹ̀. Wọn ò ní ẹ̀mí ló ń da ọmọ láàmú, wọn ò ní bí ìyá ẹ̀ ṣe rí ló ṣe rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, ẹ wò ó, ojú ọ̀nà tí ẹ̀rù gbà wọlé rèé, lójú wa kòrókòró. Ohun tó bá sì gba ojú ọ̀nà wọlé, ó yẹ kó lè gba ojú ọ̀nà jáde. Ṣùgbọ́n wọ́n sìn ín wọlé, wọn ò sìn ín jáde. Ìyẹn ló ń dùn mí."

Mo ní, "Ká ní ọmọ tèmi ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí, irin yẹn náà ni n bá fi lu òyìnbó ọ̀hún."

"Ẹ̀ẹ̀mélòó, Yèyé?"

"Títí á fi máa sunkún tó bá ti rí ọmọdé."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi da ìdọ̀tí tá a ti ṣà padà sínú kòkó.

Nílé ìwé, ó tún gbé tiẹ̀ dé. Hẹ́dímásítà wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀ṣúndé, kì í na ọmọ nítorí ìwé kíkà, kì í nà wọ́n nítorí orin. Àsìkò ìṣirò nìkan ni pàṣán máa ń jáde. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti pe ìṣirò báyìí, gbogbo ọmọ á fọwọ́ di ìdí mú. Tíṣà ní kì í ṣe ìṣirò ni wọ́n ń bẹ̀rù, pàṣán tó ń tẹ̀ lé e ni. Ló bá ń ra ẹ̀pà sísun. Tó bá ti kọ ìṣirò sójú pátákó, á ha ẹ̀pà fún gbogbo kíláàsì. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ fi ń jó tí àsìkò ìṣirò bá tó. Ni hẹ́dímásítà bá wọlé lọ́jọ́ kan, ó ní, "Méje lọ́nà mẹ́jọ, kí ni?" Gbogbo ọmọ yanu sílẹ̀, wọn ò sọ̀rọ̀. Ẹ̀pà ni wọ́n ń dúró dè.

"Ẹ̀rù ti lọ, sà," Tíṣà ní. "Ọpọlọ la ṣì ń retí."

Gbogbo ìyẹn, ẹ̀rín la fi rín in. Èyí tí mo fẹ́ sọ báyìí, a ò kọ́kọ́ rí ẹ̀rín níbẹ̀.

Ọmọbìnrin mi Olúbísí bí ọmọbìnrin kan, Fẹ́yìsayọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni lọ́dún tí mò ń wí yìí. Ikọ́ líle mú un nígbà tí kòkó ń pọ́n, a sì gbé e lọ sí dìsìpẹ́ńsárì. Ọjọ́ mẹ́wàá ni nọ́ọ̀sì fi gún un lábẹ́rẹ́, láràárọ̀. N ò bá nọ́ọ̀sì jà o. Abẹ́rẹ́ yẹn ló jẹ́ ká rí ọmọ mú bọ̀ wálé. Ikọ́ lọ. Ọjọ́ Ìsinmi dé, a gbé e lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Aládùúrà ni wá. Látorí Wòlíì dórí ọmọ ọwọ́, sùtánà funfun la máa ń wọ̀. Bá a ṣe ní ká wọlé báyìí, Fẹ́yìsayọ̀ wo inú ilé, ó figbe ta, ó gun ìyá ẹ̀ lórí bí ológbò tí ajá ń lé. Agogo ń dún, orin ń lọ, igbe tiẹ̀ bo gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀. Wòlíì Olúlékè sọ̀ kalẹ̀ wá láti gbé ọwọ́ lé e lórí. Ọmọ bù ú ní ìka jẹ, ó sì di ìka náà mú.

Nígbà tí Wòlíì gba ìka ẹ̀ tán, ó ní, "Olúbísí, ọ̀rọ̀ ọmọ yìí kì í ṣe ojú lásán. Ẹ̀mí tó wà nínú ẹ̀ ló ń sá fún aṣọ ìwà mímọ́." Ó ní ká fá orí ẹ̀, ká gbé e wá, ọjọ́ méje ló máa fi wà nínú ilé Ọlọ́run láìjáde, kò sì ní jẹun títí oòrùn á fi wọ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́ta. Tí ikọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀.

Ebi yẹn dùn mí, ṣùgbọ́n orúkọ ló bà mí lẹ́rù jù. Tí wọ́n bá ti fún ọmọbìnrin ní orúkọ ẹlẹ́mìí báyìí, kò sí ọṣẹ tó ń fọ̀ ọ́. Á dàgbà, á rẹwà, ọkọ á wá, ìyá ọkọ á wá béèrè lábẹ́lẹ̀ pé, "Ṣé kì í ṣe èyí tó ń sá fún sùtánà nìyẹn?" Ọ̀rọ̀ tán. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ti ń burú sí i. Ó sá fún òwú. Ó sá fún adìyẹ funfun. Ó rí irùngbọ̀n bàbá àgbà tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa, ó wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lékeléke fò kọjá, ó tọ̀ sára.

Mo mú ọ̀pá mi, mo lọ sílé Tíṣà. N ò rí ewúrẹ́ kan ní gbogbo àdúgbò, mo mọ̀ pé ó wà nílé.

Ó gbọ́ mi títí mo fi sọ ọ́ tán. Ìbéèrè kan ló bi mí. "Aṣọ wo ni nọ́ọ̀sì yẹn ń wọ̀?"

Mo ní, "Funfun ni."

"Abẹ́rẹ́ lọmọ yẹn ń bẹ̀rù, Yèyé. Ẹ̀yin wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ rí ìjọ. Òun wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó rí igba nọ́ọ̀sì."

A jọ lọ bá Wòlíì. Tíṣà dọ̀bálẹ̀ dáadáa, torí kò sí àrífín lọ́rọ̀ ẹ̀, ẹnu lásán ló ní.

"Wòlíì, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ẹ̀mí tẹ́ ẹ rí yẹn, sà, kí ló ń sá fún?"

"Aṣọ mímọ́ ni."

"Ó dáa, sà. Ó sá fún lékeléke lánàá. Ṣé ìjọ wa ni lékeléke ń lọ ni?"

Wòlíì fajú ro. "Olútìmẹ́hìn, má fi nǹkan Ọlọ́run ṣeré."

"N ò ṣeré, sà. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo wá bẹ̀. Ẹ bọ́ sùtánà sílé lọ́la, ẹ wọ aṣọ oko, ẹ yà wá kí Yèyé. Tó bá jẹ́ ẹ̀mí ni, á dá yín mọ̀ nínú aṣọ oko, á sá. Àbí agbára tí Olúwa fún yín, ara aṣọ ló wà ni?"

Ibẹ̀ ló ti mú Wòlíì. Tó bá ní ara aṣọ ló wà, a jẹ́ pé sùtánà ni wòlíì, òun kọ́. Tó bá ní kì í ṣe ara aṣọ, ó di dandan kó wá. Ó wo Tíṣà, ó wò mí. Ó ní, "Aago mẹ́rin."

Ó wá lóòótọ́. Ṣòkòtò oko tó ti ya lórúnkún ló wọ̀, ó dé fìlà tó ti gba òjò tí kò lóǹkà, ó mú àdá dání, ara ẹ̀ ń rùn oko. Ó gbé àdá sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Fẹ́yìsayọ̀ wò ó, ó wò ó. Ó rìn lọ bá a, ó ṣí fìlà lórí ẹ̀, ó gbé e dé ara ẹ̀ lórí, ó bo ojú ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ló bá gun orí itan Wòlíì. Ó mú ọwọ́ ẹ̀, ó rí ojú egbò lára ìka.

"Bàbá, kí ló gé yín jẹ?"

Wòlíì wo ìka náà. Ó ní, "Ajá ni, ọmọ mi."

Nígbà tó dìde láti lọ, ó pe Tíṣà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ọjọ́ méje tí n bá fi tọ́jú ẹ̀, mo fún ọ. Tí kò bá fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wọ ilé Ọlọ́run lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, mo máa ṣe tèmi, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ bá mi sọ̀rọ̀ lékeléke mọ́."

Kí ni Tíṣà fi ṣe é? Kòkó tútù. Kò sí ọmọ Ìdànrè tí kì í lá kòkó tútù tí wọ́n bá ń fọ́ ọ lóko, ó dùn ju ọsàn lọ. Fẹ́yìsayọ̀ fẹ́ràn ẹ̀ dé góńgó. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá la kòkó, inú ẹ̀ funfun báláú, nítorí náà lọ́dún yẹn, kò jẹ́ fi ojú kàn án. Tíṣà ní, "Ibẹ̀ gan-an la ti máa bẹ̀rẹ̀. Ohun tó funfun, tó sì dùn."

Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ó fọ́ ọ sẹ́yìn ara ẹ̀, ó ní kí ọmọ dijú, ó fi ẹyọ kan sí i lẹ́nu. Ọmọ lá a, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Òmíràn." Lọ́jọ́ kejì, ó ti ń ki ọwọ́ bọ inú kòkó fúnra ẹ̀. Bó ṣe ń lá a lọ́wọ́ ni Tíṣà fi áńkáṣíìfù funfun kọ́ sórí okùn aṣọ ní ìpẹ̀kun ọgbà lọ́hùn-ún. Ọmọ wò ó. Ó ń lá kòkó lọ. Lọ́jọ́ kẹta, ó sún un súnmọ́ tòsí ní ìṣísẹ̀ kan. "Ìṣísẹ̀ kan péré, Yèyé. Èèyàn kì í fi eré lé ẹ̀rù."

Ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn náà ló ba iṣẹ́ jẹ́ lọ́jọ́ kẹrin. Inú ẹ̀ ti dùn jù. Ó wọ yàrá mi lọ, ó lọ gbé bùbá funfun olóògbé ọkọ mi wọ̀, ó jó jáde. Fẹ́yìsayọ̀ ju kòkó nù, ó sá wọ inú agbọ̀n ńlá tá a fi ń ru kòkó, ó fa ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo ara ẹ̀. Títí di ọ̀sán, kò jáde.

Tíṣà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú bùbá ọkọ mi, ó káwọ́ lérí. Nígbà tó yá, ó ní, "Mo ti lu irin mọ́ ọn lórí, Yèyé. Èmi náà ti ṣe é."

Àánú ẹ̀ ṣe mí, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù, n ò ráyè àánú. Mo ní, "Bọ́ aṣọ ọkọ mi. Ìyá ọmọ ti òyìnbó yẹn gbé ọmọ ẹ̀ lọ. Ìyá eléyìí jókòó síbí, èmi náà jókòó síbí, a ò gbé e lọ ibì kankan. Fọ́ kòkó mìíràn."

Ó nu imú. Ó fọ́ kòkó mìíràn.

Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpẹ̀kun ọgbà. Lọ́jọ́ karùn-ún, áńkáṣíìfù ti dé àárín. Lọ́jọ́ kẹfà, ó wà lórí orúnkún Olúbísí, ọmọ sì fi nu ẹnu. Ó wá ku sùtánà, ó ku ẹni tó wà nínú ẹ̀. Tíṣà tún lọ dọ̀bálẹ̀ fún Wòlíì. Ó ní kó wọ sùtánà wá, kó má lu agogo, kó má gbàdúrà sókè, kó kàn jókòó sí ìpẹ̀kun ọgbà, kó máa lá kòkó.

"Èmi?" Wòlíì ní. "Nínú sùtánà? Kí n máa lá kòkó bí ọmọ aláàárù? Oje kòkó kì í jáde lára aṣọ! Ta ló máa fọ̀ ọ́?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ó wá. Ó jókòó sábẹ́ òrùlé ilé ìdáná ní ìpẹ̀kun ọgbà, ó ń lá kòkó bí ẹni ń mu àgbo, oje ń ṣàn sí i nígbọ̀nwọ́. Fẹ́yìsayọ̀ dì mọ́ ìyá ẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó wo aṣọ. Ó wo ojú. Ó tún wo aṣọ. Ó wá yọ orí síta, ó ní, "Bàbá tí ajá gé jẹ?"

"Èmi ni, ọmọ mi."

Tíṣà fọwọ́ bo ẹnu ara ẹ̀, torí ó mọ ara ẹ̀. Ọmọ gbéra, ìṣísẹ̀ kan. Ó dúró. Òmíràn. Ó di ìlàjì kòkó mú lọ́wọ́ méjèèjì. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Wòlíì, ó rí i pé èyí tí bàbá ń lá ti tán, ló bá gbé ti ara ẹ̀ lé e lórí itan, lórí sùtánà funfun, gbogbo oje ẹ̀ pátá.

Mo ń retí kí Wòlíì fò dìde. Ó gbé ọwọ́ lé ọmọ lórí. Ọmọ ò gé e jẹ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Fẹ́yìsayọ̀ fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnu ẹ̀ kún fún kòkó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fọ sùtánà yẹn, àbàwọ́n ò jáde, bẹ́ẹ̀ ni Wòlíì ṣe wọ̀ ọ́ gun pẹpẹ. Kò sọ pé òun ṣì í wò o. Ó ní Olúwa ti gbọ́ àdúrà ọjọ́ méje. Tíṣà ló kọ́kọ́ ṣe àmín, ó sì pariwo ẹ̀ ju gbogbo wa lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo bá a níbi tó ti ń kọ ìwé, ó ń họ orí. Ó ní, "Yèyé, n ò mọ èyí tó ṣe é. Ṣé kòkó ni? Ṣé fìlà Wòlíì ni? Ṣé ìyá ẹ̀ tó jókòó tì í ni? Ọmọ kan péré sì ni. Tí ìsìpẹ́tọ̀ bá dé, á ní ó ku mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún."

"Ṣé ẹ̀rù lọ?"

"Ó lọ."

"Gbé ìwé sílẹ̀, kó o jẹun."

Ìtàn yẹn, ó sọ ọ́ fún gbogbo ayé. Kò sí ọkọ̀ tó wọ̀ láti Owénà dé Òfòsù tí kò sọ ọ́ nínú ẹ̀. Kò sí ìgbéyàwó, kò sí ìpàdé tíṣà tí kò tí ì dìde sọ ọ́. Wọ́n á ní, "Tíṣà, a ti gbọ́ ọ," á ní, "Ẹ ò tíì gbọ́ ibi ajá."

Ọdún tí iná oko jó kòkó wa ni àìsàn dá a dúbúlẹ̀. Fẹ́yìsayọ̀ ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó ti ń kọrin nínú kúáyà. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, bá a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, a gbé oúnjẹ lọ fún un. Ọmọ dúró níwájú bẹ́ẹ̀dì nínú sùtánà tó funfun bí ẹfun, ó ní:

"Tíṣà, wọ́n ní mo máa ń bẹ̀rù aṣọ funfun nígbà tí mo kéré. Ṣé òótọ́ ni?"

Mo gbé àga, mo jókòó, torí mo mọ̀ pé ó máa gùn. Mo mọ̀ pé á dìde jókòó, á ní kí n gbé òun ga, á bẹ̀rẹ̀ láti Amẹ́ríkà.

Ó wo ọmọ náà látòkè délẹ̀.

"Ìwọ?" ó ní. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ìwọ tí gbogbo wa dúró tá à ń wò, tó o dá rìn lọ bá Wòlíì, tó o gbé kòkó fún un? N ò rí ọmọ tó láyà tó ọ rí ní Ìdànrè yìí."

Ọmọ rẹ́rìn-ín, ó jáde lọ ṣeré.

Mo ní, "Olútìmẹ́hìn, o purọ́."

Ó dijú. "Yèyé, tí mo bá sọ fún un pé ó bẹ̀rù rí, á máa wá a kiri nínú ara ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀."

Kò lo ọ̀sẹ̀ yẹn tán. Gbogbo ìjọ ló wọ sùtánà sin ín. Fẹ́yìsayọ̀ wà láàárín wa, ó ń kọrin kíkankíkan bí ọmọ tí ọkàn ẹ̀ balẹ̀, kò mọ̀ pé ẹni tá à ń sin ló jẹ́ kóun lè dúró síbẹ̀. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ rí, torí kò mọ nǹkan kan tó yẹ kóun dúpẹ́ fún. Bí Tíṣà ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Èmi ni mo ń bá a dúpẹ́ ẹ̀. Láràárọ̀ tí mo bá jí.

Fẹ́yìsayọ̀ tí mo sì ń pè é yìí, kì í ṣe orúkọ ẹ̀. Ẹ má wá a kiri.